Fótò àtijọ́ láti oko màlúù Fáṣọlá: báwo ni a ṣe lè mọ àwọn tó wà nínú wọn?

Ọmọ-Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí kò ṣeé sọ ní gbólóhùn méjì.

Bàbá mi, tí a sin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oko màlúù ìjọba tó wà ní Fáṣọlá, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ lóṣù tó kọjá, a rí pọ́ọ́mántò irin kan lábẹ́ ibùsùn, inú rẹ̀ ni a sì ti bá fótò 63, pẹ̀lú agolo bísíkíìtì kan tí nẹ́gátíìfù kún bámúbámú. Gbogbo wa nínú ilé la mọ̀ pé Bàbá ní kámẹ́rà, irú èyí tó dà bí àpótí tí ẹni tó ń yà á yóò tẹrí ba wò láti òkè bí ẹni ń wo inú kànga. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi í yà pọ̀ tó báyìí.

Oríṣi fótò méjì ló wà nínú àpótí náà. Àwọn kan wà tí wọ́n lọ yà ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán, níbi tí àwọn ènìyàn ti wọ aṣọ òkè, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, tí wọ́n sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ìwé lẹ́yìn: orúkọ ẹni, ọjọ́ tí wọ́n yà á, àti ayẹyẹ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yà á. Àwọn tí Bàbá fúnra wọn yà ní oko kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Ẹ̀yìn wọn funfun nini, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo fẹ́ mọ ìtàn wọn, nítorí pé iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn ń ṣe nínú wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń ya òun.

Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan lóṣòó ti màlúù, ó ń fún wàrà sínú igbá. Wọ́n ti so ọmọ màlúù náà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, ahọ́n ọmọ náà yọ síta, ó ń nà án sí ọmú tí wọn kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó. Nínú òmíràn, obìnrin Fúlàní kan jókòó ti ìkòkò lórí iná igi, ó ń fún omi ewé kan sínú rẹ̀, igbá ńlá kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ojú rírán hàn lára rẹ̀ gbangba. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn màlúù tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi igi gbọọrọ ṣe, tí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kàkí péńpé ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ti ọ̀nà eléruku kan tí bọ́lẹ̀kájà àti ọkọ̀ Land Rover kan ti ń pàdé ara wọn, tí agbo màlúù dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí àpáta ńlá kan sì ga lẹ́yìn wọn. Mo ti gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí kí ẹ lè wò wọ́n.

Màmá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n mọ díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn náà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, fótò náà sì kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ láminéètì kí ó má bàa bàjẹ́, kí a sì gbé e sórí Facebook kí ayé rí i. Ọkàn mi kò gbà á pátápátá. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè tọ́jú wọn, bí a ṣe lè mọ àkókò tí wọ́n yà wọ́n, àti bí a ṣe lè rí orúkọ àwọn ènìyàn náà. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i bóyá ó tọ́ láti gbé ojú ẹni tí a kò mọ ọmọ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

Àgbà-Olùtọ́jú-Ẹran, Ìlọrà, dáhùn:

Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá rẹ. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹran ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí mo sì rí fótò kẹta rẹ yìí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà onígi tóóró yẹn ni a máa ń da ẹran gbà kí ó má bàa lè yípo tàbí kí ó fi ìwo kan ẹni tó ń gún un. Bí o bá wò ó dáadáa, ìwọ yóò rí i pé igi ìsàlẹ̀ ti dán ju ti òkè lọ, nítorí pé ara màlúù ló ń ha á lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọkùnrin oníkàkí yẹn ń gún. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí a ń lé kiri nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní rinderpest. Ó máa ń wọ inú agbo lónìí, ojú àti imú ẹran á máa ṣomi, ìgbẹ́ gbuuru á dé, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, agbo ti di òfìfo. Mo rí ti ọdún 1983 pẹ̀lú ojú ara mi, nígbà tí ó jà káàkiri Nàìjíríà, tí àwọn dàrandaran tó ní màlúù lọ́pọ̀ yanturu di ẹni tí kò ní ju ọ̀pá ọwọ́ lọ. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé àrùn náà ti tán pátápátá, òun sì ni èkejì tí ọmọ ènìyàn yóò ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, tí wọ́n kéde òpin tirẹ̀ ní 1980. Irú àwọn ènìyàn bí ọkùnrin oníkàkí yìí ló ṣe iṣẹ́ náà, láti agbo dé agbo, nínú oòrùn àti nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí fótò yẹn sọnù.

Ní ti àwọn màlúù fúnra wọn, wo ẹ̀yìn wọn. Èyí tí wọ́n ń fún wàrà lára rẹ̀ nínú fótò àkọ́kọ́ funfun, ìwo rẹ̀ gùn, iké sì wà léjìká rẹ̀. Búnàjí ni, màlúù àwọn Fúlàní. Àwọn tó wà nínú ọ̀nà onígi kò ní iké, ara wọn kúkurú, ó sì kì. N'Dama ni ìyẹn. Láti ilẹ̀ Guinea, ní òkè Futa Jalon, ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ìjọba sì fi í kún oko Fáṣọlá nítorí eṣinṣin tsetse. Eṣinṣin yẹn ń gbé inú igbó etídò, ó sì ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ó bá jẹ. Búnàjí tí àrùn náà bá wọ̀ lára yóò máa rù títí yóò fi ṣubú, ṣùgbọ́n N'Dama lè gbé e sára kí ó sì máa jẹun, kí ó máa bímọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ ni pé fótò kẹta ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti inú oko ìjọba gan-an, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, gáà ni wọ́n ti yà wọ́n. Ewé tí obìnrin yẹn ń fún ni bọmubọmu, èyí tí omi rẹ̀ ń mú kí wàrà dì. Bàbá rẹ ti ní láti mọ àwọn ará gáà dáadáa kí obìnrin tó jẹ́ kí ó dúró sún mọ́ ìkòkò wàrà òun tó bẹ́ẹ̀. Gáà tó sún mọ́ ibi tí bàbá rẹ gbé ni kí o kọ́kọ́ lọ. Má gbé kámẹ́rà dání. Mú fótò náà dání, kí o sì béèrè baálé wọn kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Afọ-Fótò-Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún àlàyé yìí. Iṣẹ́ fótò ni èmi kọ́, mo sì ti wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń fọ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn pẹ̀lú iná pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má kó fótò kankan lọ láminéètì. Iná ẹ̀rọ náà yóò jó ojú fótò, rọ́bà náà yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí yóò lè tú u kúrò lára rẹ̀ mọ́. Mo ti rí fótò ìgbéyàwó tí ó yí padà di ofeefee sínú láminéètì, tí àwọn ọmọ ẹni tó ni ín gbé wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú omijé, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le. Ẹ kó wọn jáde kúrò nínú pọ́ọ́mántò irin náà, nítorí pé irin máa ń gba ooru lọ́sàn-án, ó sì máa ń ṣọ̀rinrin lóru, ọ̀rinrin ló sì ń mú kí fótò bu. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé lásán, ẹ má fi sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ gbé wọn sínú páálí tó mọ́, lókè tí ikán àti aáyán kò ti lè dé. Aáyán fẹ́ràn ojú fótò gan-an, nítorí ohun kan bíi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rí lára egungun àti awọ ẹran ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn, pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ lò, ní etí ìwé náà, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń yọ sí iwájú bí ọdún bá ti ń lọ.

Ẹ ṣí agolo bísíkíìtì náà ní ìta, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi fínígà, àwọn nẹ́gátíìfù kan ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, èyí tó ti ń bàjẹ́ a sì máa ba tòsí rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú síkáànà, ní 600 dpi (ìwọ̀n bí síkáànà ṣe ń rí ohun kékeré tó) ó kéré tán fún fótò, kí ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi TIFF, irú fáìlì tí kì í pàdánù ohun kékeré inú fótò. Èyí tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sí ẹbí lè jẹ́ JPEG, irú fáìlì tó fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, nítorí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fótò, WhatsApp yóò fún un pọ̀, gbogbo ohun kékeré tí ẹ fẹ́ kí àgbàlagbà dá mọ̀ yóò sì parẹ́.

Nípa àkókò, fótò kẹrin yín ní ohun kan nínú tó ṣe pàtàkì. Bọ́lẹ̀kájà àti Land Rover náà ń pàdé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà ní ọwọ́ òsì tirẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, bí fótò náà bá wà bó ṣe yẹ kó wà, ó ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: nẹ́gátíìfù ní ojú dídán àti ojú tí kò dán, ojú tí kò dán ló yẹ kí ó dojú kọ ìwé nígbà tí a bá ń fọ ọ́. Bí ẹni tó fọ ọ́ bá yí i padà, òsì yóò di ọ̀tún. Ẹ wá gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ ka ìwé tó wà lórí iwájú bọ́lẹ̀kájà náà. Bí ó bá ṣeé kà láìlo díńgí, ara yín yóò balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa ẹ̀yìn fótò tó funfun. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Evelyn Cameron, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1868, tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ìgbèríko Montana ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń sin ẹran níbẹ̀. Ní 1894 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya fótò, ó sì ya àwọn darandaran, àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn, àwọn obìnrin tó ń gun ẹṣin, àti ilé wọn nínú yìnyín. Lẹ́yìn tí ó kú ní 1928, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tọ́jú àwọn nẹ́gátíìfù rẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, di ìgbà tí wọ́n tún gbé wọn jáde láàrin ọdún 1970 sí 1979. Ohun tó mú kí wọ́n wúlò tó bẹ́ẹ̀ ni pé obìnrin náà ń kọ ìwé ìrántí ọjọ́ lójoojúmọ́, ó ń kọ iye màlúù tí òun fún wàrà wọn, ẹni tó wá kí i, àti fótò tí òun yà. Bàbá yín kò kọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ṣì wà láàyè. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró di ọdún tuntun.

Ará-Àdó-Àwáyè dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi ò mọ̀ nípa màlúù, n kò sì mọ̀ nípa fótò, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpáta yẹn ni wọ́n bí mi sí. Àpáta inú fótò kẹrin kì í ṣe ti Fáṣọlá. Òkè Àdó-Àwáyè ni, òkè tí adágún omi Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀. Ibi tó wọnú bíi gàárì ẹṣin yẹn, àti ibi tó gùn ún sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn ń bọ̀. Ká ní wọ́n ti yí nẹ́gátíìfù náà padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè yìí ti ṣàlàyé, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ibi tó ga yẹn ì bá wà, n kò sì ní dá a mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá ohun tí Bàbá lọ ṣe lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ-Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti pẹ́ kí n tó padà wá nítorí pé mo fẹ́ kí n rí nǹkan sọ fún yín kí n tó dé.

Bọ́lẹ̀kájà náà ṣeé kà. «Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni» ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì wà bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo sì béèrè ọ̀rọ̀ Àdó-Àwáyè lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní kí wọ́n tó bí èmi, wọ́n máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Fáṣọlá lọ ran àwọn tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn, Bàbá á sì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pàdé síbì kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà pé a kò ní láminéètì nǹkan kan. Àwọn gan-an ló gbé fótò obìnrin oníwàrà náà sórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ kí Màmá lè rí i bó ṣe tóbi. Màmá fa àga wọn sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní àwọn kò rí ojú ẹni náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka sí igbá tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà, níbi tí ojú rírán wà, wọ́n sì pariwo. Wọ́n ní igbá àwọn ni. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi yìí, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ló gun orí rẹ̀ tó là, tí àwọn gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbá pé kí ó bá àwọn rán an, onígbá náà sì fi okùn dúdú rán an nítorí pé funfun ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ló wá fi í ta Ìyá Oníwàrà lọ́rẹ lọ́dún tí obìnrin náà ń gbé wàrà wá fún wọn lójoojúmọ́ láìgba owó, nígbà tí ara wọn kò yá lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá Oníwàrà nìkan ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ fún un.

Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti Ìlọrà ti wí, mo lọ sí gáà láìgbé kámẹ́rà. Baálé wọn pe ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó gba fótò náà, ó wò ó, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ní kíkún, mo sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn fótò náà, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má gbé e síta, n kò sì ní gbé e síta, bẹ́ẹ̀ ni mo ti yọ fótò náà kúrò níbí. Ó ní ìyá òun, tí í ṣe ọmọ obìnrin náà, kò ní fótò ìyá rẹ̀ kan láyé yìí.

Ẹ̀gbọ́n wa afọ-fótò ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti bá mi fọ méjì láti inú nẹ́gátíìfù rẹ̀ gan-an, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan tóbi tó èyí tí a lè gbé kọ́ ara ògiri. Màmá ní àwọn náà yóò bá wa lọ, àwọn yóò sì mú igbá tuntun kan dání. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó gbéra. Ọkùnrin tó ń fún wàrà nínú fótò àkọ́kọ́, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo ń mú òun náà dání lọ.